Ẹ Kọ́kọ́ Dá Ọjọ́ Ìtìlẹ̀kùn

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé kọ̀ǹpútà tí òun fi ń ṣe àyẹ̀wò ń pẹ́ kó tó jẹ́ kí òun wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ni. Kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó tú iṣu náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ló bá rí i pé ẹnì kan ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú xz, ètò kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀.

Nígbà náà, kò ju oṣù kan lọ tí Ubuntu 24.04, ẹ̀dà tuntun ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan tó ń lo xz, yóò jáde. Àwọn tó ń ṣe é sún ẹ̀dà ìdánwò láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, wọ́n sì tún àwọn ètò inú rẹ̀ kọ́ lákọ̀tun. Ọjọ́ 25 tí wọ́n dá fún ẹ̀dà gan-an kò yẹ̀.

Ohun ìwúrí gbáà ni, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ irú sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ yìí kì í gbowó, kò sì sí ọ̀gá kan tó lè pàṣẹ fún gbogbo wọn.

Debian, tí Ubuntu ti ṣẹ̀ wá, máa ń dúró ni tẹ́lẹ̀, bíi dánfó tí kò ní kúrò ní gáréèjì àfi tí èrò bá kún. Ẹ̀dà Woody jáde ní oṣù keje 2002. Oṣù kẹfà 2005 ni Sarge tó tẹ̀ lé e tó dé.

Ubuntu ní tiẹ̀ ń jáde ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, láti 2004. Ohun tí kò bá tíì jinná yóò dúró de oṣù mẹ́fà sí i, nítorí náà kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa sáré ti kóòdù tútù wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọjọ́ yẹ̀ gidi: 6.04 di 6.06 ní ọdún 2006.

Ti Linux, ètò tó wà ní ìpìlẹ̀ Ubuntu àti Debian, ló tún le jù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Linus Torvalds, olùdásílẹ̀ rẹ̀, fi ń ṣílẹ̀kùn fún ohun tuntun. Tó bá ti tì í, àtúnṣe nìkan ló kù: ẹ̀dà ìdánwò kan ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, títí dé ìkeje tàbí ìkẹjọ, kí ojúlówó tó jáde.

Debian náà ti gbà lọ́dún 2009 pé àwọn yóò máa dá ọjọ́ tí àwọn yóò tilẹ̀kùn, bí wọn kò tilẹ̀ ṣèlérí ọjọ́ ìgbéjáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń dá irú iṣẹ́ àjọṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ ìtìlẹ̀kùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí.