ỌKỌ̀ ABẸ́ OMI TÓ Ń PỌN ỌMỌ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkọ̀ abẹ́ omi ńlá kò lè wọ èbúté tí omi rẹ̀ kò jìn, tí ọ̀tá sì fi àwọ̀n irin dí ẹnu rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ológun ṣe kan ọkọ̀ kékeré tí ọkọ̀ ńlá yóò pọ̀n bí ìyá ti ń pọn ọmọ. Bí wọ́n bá dé tòsí, ọmọ á sọ̀ kalẹ̀, á sì yọ́ wọlé.

Lẹ́yìn ọdún 2000, Amẹ́ríkà tún ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́rin ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, USS Ohio sì wà lára wọn. Yàrá irin ni wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré á wà nínú yàrá náà; wọ́n á jẹ́ kí omi kún un, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, àwọn òmùwẹ̀ á sì wa ọkọ̀ wọn jáde.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì ti lo ọgbọ́n yìí ṣáájú. Ọkọ̀ tiwọn gùn tó mítà 7, ènìyàn 2 ló ń gùn ún bí ẹni gun ẹṣin, bọ́ǹbù sì ni orí rẹ̀. Nítorí oríkunkun rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní “Ẹlẹ́dẹ̀”.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1941, ọkọ̀ Scirè gbé Ẹlẹ́dẹ̀ 3 àti òmùwẹ̀ 6 dé ẹ̀bá èbúté Alexandria ní Íjíbítì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí àwọ̀n fún ọkọ̀ tiwọn, àwọn òmùwẹ̀ náà bá wọn wọlé. Luigi Durand de la Penne àti Emilio Bianchi dojú kọ ọkọ̀ ogun Valiant. Ẹlẹ́dẹ̀ wọn bàjẹ́, ó rì. Èémí Bianchi kò já gaara mọ́, ó sì lọ sókè omi. De la Penne nìkan ló wọ́ bọ́ǹbù náà nínú ẹrẹ̀ dé abẹ́ ọkọ̀.

Ọwọ́ tẹ àwọn méjèèjì. Charles Morgan, ọ̀gá ọkọ̀ náà, bi wọ́n léèrè ibi tí bọ́ǹbù wà, wọn kò sọ. Ó ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítòsí bọ́ǹbù gan-an. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, de la Penne ránṣẹ́ sí Morgan pé ọkọ̀ fẹ́ bú, kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Síbẹ̀ kò sọ ibi tó wà, wọ́n sì dá a padà sí ìsàlẹ̀. Bọ́ǹbù bú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yè é. Valiant àti Queen Elizabeth jókòó sí ìsàlẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n nítorí pé omi kò jìn, òkè wọn ṣì yọ síta, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Ní ọdún 1945, nígbà tí Ítálì ti bọ́ sí ìhà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Morgan fúnra rẹ̀ ló fi àmì ẹ̀yẹ ìgboyà sí àyà de la Penne. Ẹ̀yin òbí àti ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀kọ́ ńlá nìyí: ọkùnrin náà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, síbẹ̀ kò gbàgbé pé ọmọ ènìyàn ló wà nínú ọkọ̀ náà.