Òògùn Inú Ìgò Kò Lè Sọ Ògbólógbòó Ẹ́ńjìnnì Di Tuntun

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́, àdúgbò Glyndon ní Woolwich níbí ni mo sì ń gbé. Bí àwọn ará wa bá ti rí mi nídìí mọ́tò, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, òògùn inú ìgò tí wọ́n ní ká máa dà sínú epo yìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ṣá?"

Èsì mi ni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé. Ṣùgbọ́n pákò ni, kì í ṣe dókítà eyín. Pákò lè fọ eyín tó dọ̀tí, kò lè mú eyín tó ti ká hù padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bẹntiróòlù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú èyí tó dára nínú àwọn ìgò náà ni irú ọṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní PEA. Ó máa ń fọ èédú tó lẹ̀ mọ́ ẹnu nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu nọ́sù bá dí, mọ́tò á máa gbọ̀n, á sì máa mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ inú epo kì í ṣe ohun àjèjì. Ní Amẹ́ríkà, láti 1995 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan pé kí ó wà nínú bẹntiróòlù tí wọ́n bá ń tà. Níbí náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ epo ló ń fi sí tiwọn. Ẹni tó ń ra irú epo bẹ́ẹ̀ déédéé ti ń fọ nọ́sù rẹ̀ láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí o. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé, inú sìlíńdà gan-an ni nọ́sù ń fín epo sí. Epo kì í kan ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé mọ́, ibẹ̀ sì ni èédú ń kó jọ sí. Bí ẹ da ìgò mẹ́wàá sínú táǹkì, ọṣẹ yẹn kò ní débẹ̀. Mẹkáníìkì ló máa tú u, tí á fi èèpo àsálà òyìnbó tí wọ́n ti lọ̀ fín in títí á fi mọ́.

Ti ọ́ìlì ńkọ́? Ọ́ìlì tó dára ti ní ọṣẹ tirẹ̀ láti iléeṣẹ́, pẹ̀lú èròjà tí kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Wọ́n ti wo ìwọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè ṣe ń wo ìwọ̀n iyọ̀. Bí ẹ bá tún da òmíràn lé e, ẹ lè ba ìwọ̀n yẹn jẹ́. Ní 1996, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ̀sùn kan àwọn tó ń ṣe Slick 50 pé ìpolówó wọn nípa dídáàbò bo ẹ́ńjìnnì kò ní ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1997 ni wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná.

Òògùn ìfọnú ẹ́ńjìnnì tún léwu fún ọkọ̀ tí wọn kò ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ tipẹ́. Bí ẹrẹ̀ dúdú inú rẹ̀ bá ṣí nídìí lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè lọ dí asẹ́ tí páǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì mu, kíkú ló ń kú.

Ẹ̀yin onídísù, ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ará wa ló ń fi mọ́tò lọ tọ́jú àgbàlagbà láti ilé dé ilé. Láti Glyndon sí Plumstead High Street, láti ibẹ̀ sí Queen Elizabeth Hospital, mọ́tò kò tíì gbóná tí ẹ ti paná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, asẹ́ èéfín tí wọ́n ń pè ní DPF ní láti gbóná gan-an, nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èédú inú rẹ̀ tó jóná. Òótọ́ ni pé òògùn wà tó ń mú kí èédú jóná níbi ooru tó kéré sí i. Peugeot lo irú rẹ̀ nínú 607 láti 2000. Ṣùgbọ́n eérú tó bá kù sílẹ̀, kò sí òògùn tó ń jó o. Bí iná DPF bá kọ́kọ́ tàn, ẹ gba A2 lọ sí ọ̀nà Dartford fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí mọ́tò mí dáadáa. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú tàbí tó pọ́n, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ DPF dà nù fún yín o. Láti oṣù kejì 2014 ni ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ kì í ti í yege MOT.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lọ́dọọdún tàbí ní iye máìlì tí ìwé ọkọ̀ sọ, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìrìn kúkúrú ń jẹ́ kí omi àti epo dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, torí náà ẹ má wo máìlì nìkan. Onídísù tó ní DPF, ẹ ra ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ. Bí mọ́tò bá ń mu ọ́ìlì, tó ń yọ èéfín aláwọ̀ búlúù, ó ṣeé ṣe kí ríìngì ti jẹ, ìgò kò sì lè tún un ṣe.

Owó ìgò méjì mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ọ́ìlì àti fílítà. Mọ́tò tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́, ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ kó tó dákú. Ire o.