Pátákó Wàràkàṣì fún Pàátì Kérésìmesì: Omi Inú Rẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún tó kọjá, ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ ń gbé nílùú Ọba níbí la ti ṣe pàátì. A ní kí kálukú gbé nǹkan kalẹ̀, èmi wá ní màá ṣe pátákó wàràkàṣì. Mo sáà ti ń rí i lórí Instagram: pátákó pẹlẹbẹ, wàràkàṣì oríṣiríṣi, èso àjàrà, bisikíìtì. Kí ló le níbẹ̀? Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ṣa gbogbo èyí tó funfun tó sì rọ̀, torí pé wọ́n jọ wàrà ilé lójú mi: ricotta, mascarpone, cottage cheese, àti Brie kan. Kò pé wákàtí méjì tí ọ̀rẹ́ mi kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nílé wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ bakitéríà ni mò ń kà ní yunifásítì. Ó yẹ kí n mọ̀. Lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣì ń bọ̀ (ó láyà o), àǹtí mi tó lóyún oṣù mẹ́fà náà sì ń bọ̀. Mi ò lè fi ojú yan wàràkàṣì mọ́.

Kí n tó lọ jìnnà: mílíìkì ni màá máa pe èyí tó jẹ́ olómi, wàrà ni èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà nílé, wàràkàṣì ni gbogbo ìyókù.

Nínú gíráàmù 100 mílíìkì màálù, bíi 87 ló jẹ́ omi. Ṣúgà inú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lactose, tó bíi gíráàmù 5. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe wàràkàṣì, wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù kan sí mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ́ńsáìmù yẹn á gé ara purotéènì tó ń jẹ́ casein, àwọn casein á wá máa so mọ́ra wọn, mílíìkì á dì. Omi á ṣàn jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú lactose á sì bá omi lọ. Díẹ̀ tó bá kù, bakitéríà tó ń mú wàràkàṣì kan á máa jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di ásíìdì. Bí wàràkàṣì bá ṣe ń gbẹ tó sì ń pẹ́ nílẹ̀ ni lactose rẹ̀ ń tán lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ikùn wa ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń tú lactose. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, ẹ́ńsáìmù yìí ti lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn Fúlàní tó ń da màálù máa ń ní in jù wá lọ. Lactose tí a ò bá tú á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, bakitéríà ibẹ̀ á sọ ọ́ di gáàsì: ikùn á wú, á máa kùn, ẹni náà á sáré. Ẹni tó ní mílíìkì ò bá òun lára mu lè jẹ Cheddar tó ti pẹ́ tàbí Parmesan láìsí wàhálà kankan, torí pé lactose ti tán nínú wọn. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí. Lára Cheddar tí mo rà, 0.1 ni mo rí nínú gíráàmù 100. Àwọn tí mo kó sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, yàtọ̀ sí Brie, wàràkàṣì tuntun ni gbogbo wọn, tí nǹkan ò tíì jẹ ṣúgà inú wọn tán.

Brie náà lómi, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni omi, àmọ́ lactose kọ́ ni wàhálà tirẹ̀. Èbu funfun tó bo ara rẹ̀, Penicillium camemberti, máa ń jẹ ásíìdì inú rẹ̀ bó ṣe ń gbó. Ibi tí omi bá wà tí kíkan ò sì sí mọ́, bakitéríà Listeria lè gbilẹ̀ níbẹ̀, kódà nínú fíríìjì. Listeria ò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wa, ara aboyún ni kì í fẹ́ ẹ rárá: ó lè ba oyún jẹ́, tàbí kó pa ọmọ inú lára. Ìdí nìyẹn tí NHS fi sọ pé kí aboyún má jẹ Brie àti Camembert àfi tí wọ́n bá sè é títí tó fi ń rú èéfín. Nítorí àǹtí mi, odindi Brie ni màá gbé sínú ààrò, màá sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú gbígbóná rẹ̀, nínú abọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀.

Nítorí náà, Cheddar tó ti pẹ́ ló máa wà láàárín pátákó. Abúlé Cheddar ní Somerset ló ti gba orúkọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Parmesan. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín nínú Parmesan, iyọ̀ kọ́, iyanrìn kọ́. Amino acid kan, tyrosine, ló kóra jọ di kírísítáàlì nígbà tí purotéènì ń tú díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán.

Ṣé pàátì Yorùbá á wá parí láìsí wàrà? Mi ò rí ewé bọmubọmu níbí (ó dáa bẹ́ẹ̀ náà, oje rẹ̀ lóró, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n lò). Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sínú mílíìkì tó ń hó. Lítà méjì fún mi ní nǹkan bíi gíráàmù 300. Mo gbé nǹkan wúwo lé e lórí títí omi fi jò tán, mo gé e, mo dín in.

Kí ló dé tí wàrà ò yọ́ nínú epo gbígbóná, tí Cheddar á sì yọ́ lórí búrẹ́dì? Cheddar, mílíìkì tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi dì í, casein nìkan ló di ara wọn mú. Iná tún lè tú wọn. Ti wàrà, mílíìkì ti hó. Àwọn purotéènì mìíràn tó yẹ kó bá omi lọ ti lẹ̀ mọ́ casein, gbogbo wọn ti so kọ́ra, iná ò rí wọn tú. Ara á kàn pọ́n, inú á rọ̀. Lactose díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, ègé méjì péré ni ti ọ̀rẹ́ mi.

Ohun tí a ó fi jẹ ẹ́ ńkọ́? Òyìnbó á ní wáìnì pupa. Tannin inú wáìnì máa ń so mọ́ purotéènì itọ́, òun ló ń mú ẹnu gbẹ. Bí wàràkàṣì bá wà lẹ́nu, purotéènì tirẹ̀ náà á gba tannin mú, wáìnì á rọ̀ lẹ́nu. Àwa ò ní mu wáìnì nítorí àǹtí, zobo la máa mu. Kíkan rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá Cheddar lórí ahọ́n, ẹnu á mọ́ fún ègé tó kàn. Ẹ má fi ṣúgà pa á. Parmesan níyọ̀, dàbínù ni kẹ́ ẹ fi tì í. Àgbálùmọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílé nínú oṣù Kejìlá, ẹni tó bá rí i rà níbí, kó fi kíkan rẹ̀ jẹ Brie gbígbóná yẹn. Ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò bisikíìtì. Wàrà díndín, yájì nìkan ló tó o, torí casein máa ń gbá ata kúrò lórí ahọ́n. Ẹ ò ní nílò omi.

Ẹ yọ èyí tó le nínú fíríìjì ní wákàtí kan ṣáájú. Nínú òtútù, ọ̀rá rẹ̀ á dì, òórùn rẹ̀ ò ní lè gbéra, á wá dà bí ẹni ń jẹ àbẹ́là. Àmọ́ kó má wà níta ju wákàtí 4 lọ.

Mo ti fi fọ́tò pátákó náà ránṣẹ́ sí àǹtí mi kó lè rí i tẹ́lẹ̀. Ohun tó fèsì ni pé: "Wàrà yẹn kéré."