Fọ́tò Ojú Pópó gẹ́gẹ́ bí Àkọsílẹ̀ Ìgbésí Ayé Ìlú
Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni a kì í sábà kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014) fi hàn pé fọ́tò lè dí àlàfo yìí. Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Láti 1968, ó ń ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin, lójú pópó àti níbi ayẹyẹ. Nínú ‘Onílé Gogoro’ (1975), orúkọ irun náà ń rán wa létí ilé gíga. Ọdún sì ń sọ ìgbà rẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń ya ìṣe ènìyàn ní Ring Road gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì kọ orúkọ ohun tí ó yà, ibi àti ọjọ́. Láìsí wọn, àwòrán yóò yadi.