Gbòǹgbò Irun Náà Kò Tíì Kú
Ìwé ìlàlóye fún ẹni tí irun rẹ̀ ń re lójijì, fún ẹbí rẹ̀, àti fún ẹni tó ń bá a dirun

Onídìrí ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ó ti tú irun oníbàárà tán, ó fẹ́ fi òòyà la orí, ó wá rí ojú kan lẹ́yìn orí tó ń dán bí àtẹ́lẹwọ́, tó rí rìbìtì bí ìdérí ìgò mínírà. Kò sí egbò níbẹ̀, kò sí èépá. Ẹni tó ni orí kò tiẹ̀ mọ̀, nítorí kò dùn ún. Ti ọkùnrin lè jẹ́ inú irùngbọ̀n, kó jẹ́ ọjọ́ tí onígbàjámọ̀ gbé dígí fún un ni yóò rí i. Ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ń bẹ̀rẹ̀.

Alopecia areata ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Nínú ènìyàn 100, nǹkan bíi 2 ni yóò ní i nígbà kan láyé wọn. Kò yọ ọmọdé sílẹ̀, kò yọ àgbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí i kí wọ́n tó pé 40 ọdún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ

Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí à ń pè ní sójà ara. Iṣẹ́ wọn ni láti dá kòkòrò àrùn mọ̀, kí wọ́n sì pa á. Nínú àìsàn yìí, wọ́n ṣi gbòǹgbò irun mú. Wọ́n fi onílé pe àlejò, wọ́n ká a mọ́, wọ́n gbé ìjà kò ó, irun orí rẹ̀ a sì já bọ́. Bí ẹ bá wo etí ojú tó dán náà dáadáa, ẹ lè rí irun kéékèèké tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, tó sì nípọn lókè. Ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí: ìjà náà kì í fa gbòǹgbò irun tu. Ó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ìdí nìyí tí irun fi lè padà hù, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nínú àwọn tí ojú kan tàbí méjì péré ṣí lórí wọn, ó tó ìdajì tí irun wọn ń padà láàrín ọdún kan láìlo oògùn kankan. Èyí tó kọ́kọ́ hù lè funfun bí òwú. Ẹ má bẹ̀rù, ó sábà máa ń dúdú tó bá yá.

A kò ní tàn yín, ó lè tún re. Àwọn kan wà tí gbogbo irun orí wọn lọ, àwọn díẹ̀ sì wà tí irun ìpéǹpéjú àti ti gbogbo ara bá a lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tàbí tó bá gba etí àti ìpàkọ́ yí orí ká, ó máa ń pẹ́ kó tó gbọ́ oògùn. Èékánná náà lè ní ihò tín-ín-tìn-tín bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ọ̀rọ̀ tí aráyé ń sọ

Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n á ní ó jẹ èèwọ̀, tàbí pé abẹ onígbàjámọ̀ ló kó o ràn án. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Àìsàn yìí kì í ràn: òòyà kò lè gbé e, fìlà kò lè gbé e, ẹ sì lè jọ sùn lórí ìrọ̀rí kan náà. Ó lè wà nínú ìdílé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ wa, opó ni a mọ̀ tó ń fá orí. Nítorí náà, obìnrin tí irun rẹ̀ re kò lè ṣí gèlè kí ẹnì kan má bi í pé ta ló kú. Ìbéèrè yẹn wúwo ju bí ẹni tó bi í ṣe rò lọ. Ayanna Pressley, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣojú àwọn ará Massachusetts nílé aṣòfin Amẹ́ríkà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ irun dídì, ṣí orí rẹ̀ hàn fáyé ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, ó sì dárúkọ àìsàn yìí. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ wíìgì, kó wọ̀ ọ́ láìtijú. Tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé, ẹ tètè bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lè gbà á láàyè láti dé fìlà.

Kì í ṣe gbogbo orí tó ṣí ló jẹ́ èyí

Làpálàpá orí máa ń yún ọmọ, ó ń bó wẹ́wẹ́, ó sì ń ràn. Oògùn oníhóró tí dókítà kọ ló ń wò ó, ìpara nìkan kò tó. Irun tí wọ́n ń dì le koko ní tirẹ̀ máa ń jẹ iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí. Ẹ tètè tú u, nítorí tó bá pẹ́ púpọ̀, gbòǹgbò yóò kú ní ti gidi.

Ìtọ́jú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun tó ń jó awọ pa ojú tó ṣí náà. Ó máa ń dùn wá bí wọ́n bá gbé ẹni tí irun rẹ̀ ì bá padà hù wá, tí àpá iná oògùn sì ti bo ibẹ̀. Ẹ má sì ra ìpara inú túùbù lọ́jà fúnra yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà sitẹ́rọ́ìdì líle tó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lọ́wọ́ dókítà, sitẹ́rọ́ìdì yìí kan náà ni oògùn: a ń fi abẹ́rẹ́ kékeré gún un sí ojú tó ṣí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra, tàbí kí a fún ọmọdé ní ìpara. Fún èyí tó le, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró baricitinib fún àgbàlagbà ní 2022, àti ritlecitinib fún ẹni tó ti pé ọdún 12 sókè ní 2023. Owó wọn ga, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, irun sì lè tún re bí a bá dáwọ́ wọn dúró.

Dókítà lè ní kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àìsàn inú ọrùn tó ń fa gẹ̀gẹ̀ máa ń bá èyí rìn nígbà mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ẹ̀yin onídìrí àti onígbàjámọ̀, bí ẹ bá rí ojú tó ń dán, ẹ má pariwo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín tán, ẹ pe ẹni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bá a fi fóònù rẹ̀ ya ibẹ̀, kí ẹ gbé ìdérí ìgò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ó ń fẹ̀ sí i.