Ẹ Bi Adití Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Akparé, ẹ wo ohun kan tó máa ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin adití kan dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Kí ló ń ṣe é?" Ẹ̀gbọ́n tó mú un wá dáhùn pé, "Inú ló ń run ún." Bóyá oyún ló ní. Bóyá àyà ló ń dùn ún. Kò sẹ́ni tó bi òun fúnra rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, ó gbà á, ó lọ.

Bí òṣìṣẹ́ Affaires sociales bá wá láti Atakpamé, bákan náà ni. Á bá bàbá sọ̀rọ̀, á bá ìyá sọ̀rọ̀. Adití á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ o!

Adití kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè kọ́ ọ láti ẹnu wa. Ojú ló fi ń gbọ́, ọwọ́ ló fi ń sọ.

Ẹ̀yin gbọ́ orúkọ Andrew Foster rí? Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń mú ọrùn gan, di í létí. Adití yìí ló dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lomé wa níhìn-ín. Nígbà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní Rwanda ní 1987, ilé ẹ̀kọ́ tó ti dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30.

Òfin Togo wà tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é. Nítorí náà, kì í ṣe àánú ni adití ń tọrọ.

Bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ dúró níwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ má pariwo sí i létí. Bí oògùn bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ nawọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, sí àtàrí, àti sí ibi tó ń wọ̀ sí. Kí ẹ wá ní kó fi hàn yín padà. Orí mímì nìkan kò tó.

Gbogbo ilé tó ní adití ló ní àmì ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa dání, kó máa gbé ọ̀rọ̀ adití kalẹ̀ láì fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin kì í ṣe ohun tí à ń gba ẹnu ọmọdékùnrin sọ. Ẹ wá obìnrin.

Bí ọmọ yín bá jẹ́ adití, ẹ lọ sí Affaires sociales ní Atakpamé, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ mú ọmọ náà dání. Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n fẹ́ kó tẹ ìka sí ìwé, ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú tẹ̀ ẹ́ kí ó tó mọ ohun tí ìwé náà wà fún.