Aláboyún Awóyè, ṣé kó ṣàyẹ̀wò kòkòrò yìí àbí kó fi sílẹ̀?

Ẹ̀yin aláboyún, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Group B Strep, ojú ara obìnrin ló máa ń fara pamọ́ sí, kì í sì í sábà ni ìyá lára. Nínú aláboyún márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan máa ní in. Àmọ́ tó bá ran ọmọ lásìkò ìbí, ó lè pa á kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Láti 2002 ni wọ́n ti ń yẹ gbogbo aláboyún wò ní Amẹ́ríkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ò ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ní in, abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ni wọ́n máa gún un nígbà tó bá ń rọbí, ó sì yẹ kó tó wákàtí mẹ́rin kí ọmọ tó wáyé.

Wákàtí mẹ́rin ọ̀hún gan-an ni wàhálà Awóyè, níbi tí òkun ti ń gbé ilé lọ, tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lèèyàn fi ń wá ọsibítù. Ta ló fẹ́ wọkọ̀ lóru pẹ̀lú ìrọbí? Lójú tèmi, ẹni tó bá máa ṣàyẹ̀wò, kó ti wá ilé ẹbí sí ìtòsí ọsibítù kí oṣù tó pé. Ẹni tí kò bá rówó ẹ̀, bí omi bá ti já látàárọ̀ tí ọmọ ò dé, tàbí tí ara ìyá ń gbóná, kó tètè wá nọ́ọ̀sì lọ.